Irinṣẹ́ wa àti aṣojú AI: kí ni ó yẹ kí a kọ sílẹ̀ fún un?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé, mo sì kọ sọ́fítíwià kékeré kan fún àwọn ìyá wa tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, kí wọ́n lè máa fi fóònù gba ọ́dà kí wọ́n sì máa yí iye owó ọjà wọn padà. Láìpẹ́ yìí ni mo so ó mọ́ aṣojú AI kan, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ọ̀rọ̀ ènìyàn tó sì ń bá a ṣe iṣẹ́, kí àwọn ìyá náà àti oníbàárà wọn lè máa bá a sọ̀rọ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìyá kan ní kí ó gbé kílò ẹja àrọ̀ sí 4,500 náírà, ó sì gbé e sí 45 náírà. Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà kan ní òun kò fẹ́ ọjà mọ́. Dípò kí ó fagi lé ọ́dà náà, ńṣe ni ó pa á rẹ́ pátápátá. Mo fi ìwé àlàyé àwọn irinṣẹ́ náà, ìyẹn àwọn iṣẹ́ inú sọ́fítíwià mi tí aṣojú náà lè lò, ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ṣé kí n pààrọ̀ AI náà ni? Èdè wo ni ó sì yẹ kí n fi kọ àlàyé fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì pààrọ̀ rẹ̀. Inú ìwé àlàyé tí ẹ fi ránṣẹ́ ni mo ti rí orísun wàhálà náà. Gbogbo ohun tí ẹ kọ nípa irinṣẹ́ tó ń yí iye owó padà kò ju "Yí owó padà" lọ, àyè tí a ó sì kọ owó sí ń jẹ́ "amount". Kọ́bọ̀ ni sọ́fítíwià yín fi ń pa owó mọ́, ẹ̀yin sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n aṣojú náà gbọ́ 4,500 lẹ́nu ìyá, ó kọ 4500, sọ́fítíwià sì kà á sí kọ́bọ̀.

Nínú irú ètò tí ẹ ṣe yìí, aṣojú AI kì í rí kóòdù yín. Ohun tí a ń fi hàn án ni orúkọ irinṣẹ́, àpèjúwe rẹ̀, àti àwọn àyè tí yóò kọ nǹkan sí. Àwọn náà ni MCP, ìlànà síso irinṣẹ́ mọ́ AI tí Anthropic gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ń gbé síwájú rẹ̀. Inú wọn ni yóò ti mọ irinṣẹ́ tí yóò mú àti ohun tí yóò kọ, kí sọ́fítíwià yín tó ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé lè pè yín lórí fóònù, ṣùgbọ́n ohun tó bá jọ òótọ́ ni aṣojú yóò fi dí àlàfo tí ẹ bá fi sílẹ̀.

Báyìí ni èmi ì bá ṣe kọ ọ́: "Irinṣẹ́ yìí ń yí iye owó kílò ẹja kan padà fún gbogbo oníbàárà. Kọ́bọ̀ ni kí o kọ: 4,500 náírà jẹ́ 450000. Má ṣe lò ó láti dín owó kù fún ẹnì kan ṣoṣo." Ẹ sì sọ àyè náà ní "price_in_kobo", nítorí orúkọ pàápàá jẹ́ àlàyé. Gbólóhùn tó ń sọ ìgbà tí a kò gbọ́dọ̀ lo irinṣẹ́ ni a máa ń fò jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ì bá ti gba ọ́dà oníbàárà yín là, nítorí "delete_order" (pa ọ́dà rẹ́) àti "cancel_order" (fagi lé ọ́dà) jọra lójú ẹni tí kò mọ inú ilé yín. Ká ní èmi ni, n kò tilẹ̀ ní fi irinṣẹ́ ìparẹ́ lé aṣojú lọ́wọ́ rárá.

Ẹ tún ọ̀rọ̀ àṣìṣe yín kọ pẹ̀lú. "Error 400" kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí aṣojú bá ṣi ọjọ́ kọ, tí ẹ sì kọ ọ́ pé "Kọ ọdún, oṣù àti ọjọ́, bíi 2026-04-03", aṣojú náà yóò kà á, yóò ṣe àtúnṣe, yóò sì tún gbìyànjú. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin ni àwa ń pe 03/04, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ni ó jẹ́ ní Amẹ́ríkà.

Ní ti èdè, ẹ lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ àpèjúwe náà, nítorí òun ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ AI. Ṣùgbọ́n ẹ kó ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà ń tẹ̀ ní tòótọ́ sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, láìfi àmì ohùn sí i, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹnì kan bá tẹ "mo fe igba eja", ṣé igba ẹja ni ó ń fẹ́, ìyẹn 200, àbí igbá ẹja kan? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí aṣojú kọ́kọ́ bi í kí ó tó gba ọ́dà náà wọlé. Lẹ́yìn èyí, ẹ fún un ní ogún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa wo irinṣẹ́ tí ó mú àti ohun tí ó kọ sínú àyè kọ̀ọ̀kan; níbi tí ó bá ti ṣì í, àpèjúwe yín ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.