Èsì: Asẹ́ tó lè ya epo kúrò lára omi

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè ìdí tí aṣọ tí ẹ fi ń sẹ́ omi ìdọ̀tí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì yín l'Ábẹ́òkúta kò fi mú epo inú rẹ̀. Ọṣẹ tí ẹ fi ń fọ ẹ́ńjìnnì ló fà á. Epo lásán á léfòó, ẹ ó sì bù ú kúrò. Ṣùgbọ́n ọṣẹ ti fọ́ tiyín sí wẹ́wẹ́, ó kéré ju ihò aṣọ lọ fíìfíì.

Asẹ́ tí wọ́n ń pè ní membrane ló lè mú un. Ihò irú èyí tí wọ́n sábà ń lò kò ju nǹkan bí 0.01 sí 0.1 maikrómítà lọ (maikrómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìdá mìlímítà kan). Ihò nìkan kọ́ o, ojú asẹ́ náà gbọ́dọ̀ fẹ́ràn omi. Ẹ wo ẹja inú odò Ògùn: ìpẹ́ rẹ̀ ń di omi mú, epo kì í lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ omi. Àwọn onímọ̀ kọ́gbọ́n lára rẹ̀ láti ṣe irú asẹ́ yìí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé epo ń dí ihò asẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, àfi kí wọ́n máa ti omi gba ẹ̀yìn rẹ̀ láti fọ̀ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi ìdọ̀tí náà sí gọ́tà. Odò Ògùn ló ń lọ, ibẹ̀ la sì ti ń fa omi ẹ̀rọ. Ẹ dín ọṣẹ kù, kí ẹ jẹ́ kó sinmi nínú dúrọ́ọ̀mù ná.