Ẹ Bi Wá: Ọjọ́ Kan Nínú Ààfin Ọba Ṣáínà

Lẹ́tà tó pọ̀ jù nínú àpótí wa lóṣù yìí dá lórí Beijing. Àwọn oníṣòwò tó ń lọ sí ìpàtẹ ọjà Guangzhou ló kọ èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní rélùwéè asárétete ń gbé èèyàn láti Guangzhou dé Beijing ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ, ṣé kí àwọn má yà wo ààfin àwọn ọba àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ìlú Èèwọ̀? Ẹ yà wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ ka èyí ná.

Ọjọ́ Ajé nìkan ni mo máa ráyè ní Beijing. Ṣé mo lè dé ẹnu géètì kí n sanwó, kí n wọlé? Èló ni?
*Oníléèsì, Ọjà Ọba, Ìlọrin*

Ẹ yí ọjọ́ padà, màmá. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń ti ààfin náà, àfi tó bá bọ́ sí ọlidé ìjọba. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹ ó rí tíkẹ́ẹ̀tì rà lẹ́nu géètì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á, wọ́n sì níye èèyàn tí wọ́n ń gbà lójúmọ́. Ọjọ́ méje ṣáájú ni wọ́n ń ṣí i sílẹ̀, ní agogo mẹ́jọ alẹ́ Beijing. Wákàtí méje ni wọ́n fi ṣíwájú wa, agogo kan ọ̀sán nìyẹn nílé. Ọmọ yín tó wà ní Ìlọrin lè bá yín gbà á, bí nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù yín bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó wo àkókò dáadáa o: tíkẹ́ẹ̀tì àárọ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀sán.

Ibi tí nǹkan ti sábà ń bàjẹ́ ni nọ́ńbà yẹn. Pásípọ́ọ̀tù gan-an ni tíkẹ́ẹ̀tì, òun ni wọ́n ń yẹ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà, àwòrán inú fóònù kò tó. Bí ẹ bá fi pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ forúkọ sílẹ̀, tó jẹ́ tuntun lẹ mú dání, ọjọ́ yẹn ti bọ́ nìyẹn.

Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, 60 yúàn ni. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, 40 yúàn. Ilé ìṣúra tó wà nínú rẹ̀ ní 10 yúàn tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ san án, a óò sọ ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀. Agogo 8:30 àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí. Lákòókò ooru, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé mọ́ lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ń tì í ní agogo márùn-ún. Nígbà òtútù, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yọ nínú méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ìpàtẹ ọjà oṣù kẹwàá, ẹ má lọ ṣáájú àkókò láti fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù náà wo ààfin. Ọlidé gbogbo Ṣáínà ni, èrò ibẹ̀ á sì jọ ti ọjọ́ ọdún Iléyá ní Ọjà Ọba.

Fóònù ni wọ́n fi ń sanwó níbi gbogbo, Alipay tàbí WeChat. Ẹ so káàdì tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun mọ́ ọn kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì mú yúàn díẹ̀ sápò. Google, WhatsApp àti Facebook kì í ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀. Ẹ gbé máàpù àti ìwé tíkẹ́ẹ̀tì sínú fóònù ṣáájú. Bí ẹ bá wọ takisí, “Gugong”, orúkọ ààfin náà ní èdè Ṣáínà, lẹ ó sọ fún awakọ̀. Bí ẹ bá sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè má yé e.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi fi wákàtí méjì rìn ín já, wọ́n ní òrùlé aláwọ̀ ìyeyè nìkan làwọn rí. Ṣé dandan ni kí n gba afinimọ̀nà? Báwo ni kí n ṣe pín ọjọ́ náà?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Táńkẹ̀*

Àwọn ọ̀rẹ́ yín ò purọ́. Ojú ọ̀nà àárín ni wọ́n tọ̀ láti gúúsù dé àríwá, 961 mítà péré, wọ́n sì jáde. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn orí èèyàn ló lọ wò. Ilẹ̀ ààfin yẹn tó hẹ́kítà 72, ìyẹn nǹkan bíi pápá bọ́ọ̀lù ọgọ́rùn-ún, ohun tó dùn níbẹ̀ sì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ju àárín lọ. Wákàtí márùn-ún ni kí ẹ yà sọ́tọ̀.

Afinimọ̀nà dára fún wákàtí méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó máa lọ, kí ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn. Kó fi káàdì iṣẹ́ rẹ̀ hàn yín. Ẹ jọ fẹnu kò ṣáájú lórí wákàtí, lórí bóyá owó tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú owó rẹ̀, àti pé kò ní mú yín ya ilé ìtajà kankan. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń jẹ ọjọ́ èèyàn. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè háyà ẹ̀rọ agbọ́rọ̀sọ tí wọ́n ń fi sétí lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹnu ọ̀nà gúúsù, Wumen, nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé. Shenwumen ní àríwá tàbí Donghuamen ní ìlà-oòrùn ni wọ́n ń gbà jáde, ẹni tó bá sì ti jáde kò lè padà wọlé. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Tiananmen, géètì ńlá tó wà níwájú Wumen, wá, àyẹ̀wò àpò àti pásípọ́ọ̀tù ń bẹ lójú ọ̀nà, ìlà rẹ̀ lè gùn, nítorí náà ẹ ti dé ibẹ̀ ní agogo 7:30. Pápá Tiananmen fúnra rẹ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní Wumen, ẹ dúró ka ihò ọ̀nà: márùn-ún ni. Ti àárín, ọba nìkan ló ni ín. Ìyàwó àgbà ọba ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àwọn mẹ́ta tó bá sì gbégbá orókè nínú ìdánwò ìjọba ń gba ibẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan péré láyé wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni gbọ̀ngàn ńlá Taihedian, lórí pèpéle òkúta funfun alápá mẹ́ta. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn wọ inú rẹ̀. Láti ẹnu ìlẹ̀kùn lẹ ó ti wo ìtẹ́, èrò sì máa ń tira wọn níbẹ̀. Ẹ má fi ogún ìṣẹ́jú jìjàdù. Ẹ wo òkè dípò rẹ̀: ní igun òrùlé, àwọn ẹranko kéékèèké tò tẹ̀léra. Mẹ́wàá ni ti Taihedian. Mẹ́sàn-án ni ti Qianqinggong, ilé ọba, níwájú, méje ni ti Kunninggong, ilé ayaba. Iye ẹranko ló ń sọ ipò ilé. Bí èyí bá ti yé yín, ẹ lè ka gbogbo ààfin náà láì bi ẹnikẹ́ni.

Ẹ ó rí àwọn agbada irin àti bàbà ńláńlá káàkiri àgbàlá, tó mú ìkòkò àwọn amọ̀kòkò Dàda dà bí ohun ìṣeré. Omi panápaná ni wọ́n ń tọ́jú sínú wọn láyé àtijọ́. Pákó ni gbogbo ilé yẹn. Ọdún 1420 ni wọ́n parí ààfin, nígbà tó di 1421 mànàmáná ti sun gbọ̀ngàn mẹ́ta iwájú. Nígbà òtútù, wọ́n ń dáná sábẹ́ agbada kí omi má bàa dì. Ẹ wo ojú àwọn tí wọ́n fi wúrà bò: wọ́n ti họ ọ́. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè tó wọ Beijing lọ́dún 1900 ni wọ́n ní wọ́n fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn họ wúrà náà lọ.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn kẹta, Baohedian, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ sì yíjú padà, torí ọ̀pọ̀ kì í yíjú. Òkúta kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́ dírágónì sí ló wà láàárín àtẹ̀gùn: mítà 16 àti ààbọ̀ ní gígùn, mítà mẹ́ta ní fífẹ̀, ó wúwo ju 200 tọ́ọ̀nù lọ. Ìgbà òtútù ni wọ́n fi gbé e. Wọ́n gbẹ́ kànga lójú ọ̀nà, wọ́n da omi sílẹ̀ kó di yìnyín, wọ́n sì wọ́ ọ lórí rẹ̀.

Ààlà ni géètì Qianqingmen tó kàn. Iwájú rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ ìlú, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti ọba àti àwọn ayaba, gẹ́gẹ́ bí kọbì ṣe ya àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára àgbàlá inú nílé ọba tiwa. Nínú Qianqinggong, ẹ wo pátákó tó wà lókè ìtẹ́. Láti ayé ọba Yongzheng, tó gorí ìtẹ́ ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, ẹ̀yìn pátákó yẹn ni wọ́n ń fi orúkọ àrẹ̀mọ pamọ́ sí nínú àpótí. Ọba a tún fi ẹ̀dà kejì sọ́dọ̀ ara rẹ̀, wọ́n á sì fi wéra lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ẹjọ́ oyè ṣe ń pẹ́ ní kóòtù lágbègbè wa á dúró pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà yìí, ẹ má tọ àárín mọ́. Ẹ yà sí ìlà-oòrùn, sí ilé ìṣúra. Ògiri dírágónì mẹ́sàn-án wà níbẹ̀, ti ọdún 1771. Ẹ wo ikùn dírágónì funfun, ẹ ó rí i pé apá kan rẹ̀ kì í ṣe amọ̀ dídán bí ìyókù. Pákó ni. Ìtàn ní òṣìṣẹ́ kan fọ́ èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀, wọ́n sì fi pákó dí àyè rẹ̀ kí orí má bàa lọ sí i. Kànga kékeré kan wà lápá àríwá ibẹ̀: inú rẹ̀ ni ayaba Zhen kú sí lọ́dún 1900, nígbà tí ọba ń sá kúrò nílùú. Ẹnu kànga náà há tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn á fi béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ jáde ní Shenwumen, ẹ sọdá títì sí òkè Jingshan, 2 yúàn ni. Ilẹ̀ tí wọ́n wà láti gbẹ́ yàrà omi ààfin, èyí tó fẹ̀ tó mítà 52, ni wọ́n kó jọ di òkè yẹn. Láti orí rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìrísí gbogbo ohun tí ẹ rìn. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ọba ìdílé Ming tó kẹ́yìn ní Beijing ti pokùn so lọ́dún 1644.

Orókún mi ò fẹ́ àtẹ̀gùn mọ́. Àwọn ọmọ fẹ́ mú mi lọ lóṣù kejìlá. Ṣé ó ṣe é ṣe?
*Bàbá àgbà, Ọ̀fà*

Ó ṣe é ṣe, bàbá, èrò kì í sì pọ̀ nígbà náà. Òtútù ló kù: omi ń di yìnyín lóṣù kejìlá, afẹ́fẹ́ sì ń gba àgbàlá ńlá iwájú kọjá, níbi tí kò sí igi kan ṣoṣo. Ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, torí òkúta ilẹ̀ ti gbó, kò sì tẹ́jú. Ohun tó ń gbé èèyàn ṣubú jù ni pákó ìdábùú tó wà nísàlẹ̀ àwọn ìlẹ̀kùn. Ó ga, ẹni tó ń wo òrùlé kì í rí i. Ẹ má gun pèpéle alápá mẹ́ta. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nílẹ̀. Ní Shenwumen, ó ṣòro láti rí takisí. Ẹ kúkú gba Donghuamen jáde, ẹ ó bọ́ sí títì tó lọ sí àdúgbò ìtajà Wangfujing, ibẹ̀ rọrùn láti rí ọkọ̀.

Oúnjẹ hàlálì ńkọ́? Ìrun ńkọ́?
*Àlàájà kan, Òkè-Málẹ́*

Ẹ má fọkàn sí ibi ìkírun nínú ààfin. Ẹ jẹ́ kí àfáà yín sọ fún yín ṣáájú bí arìnrìn-àjò ṣe ń pa Àìlà àti Àlàásárì pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ takisí lọ sí Niujie ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Mọ́ṣáláṣí ibẹ̀ ti wà láti ọdún 996. Láti òde, òrùlé rẹ̀ rí bí ti ààfin, kò jọ ti ọ̀dọ̀ wa rárá, ṣùgbọ́n ẹ ó rí Lárúbáwá lára ògiri inú.

Àdúgbò yẹn gan-an ni oúnjẹ wà. Àmì 清真 lẹ ó wá lẹ́nu ilé oúnjẹ, wọ́n sábà ń kọ Lárúbáwá tì í. Ẹran àgùntàn orí igi tí wọ́n ń sun níbẹ̀, àbúrò súyà ni. Níbòmíràn, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ “rou”. Ẹran ló túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá fi orúkọ ẹranko kún un, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà ń sọ. Kílíṣí tí ẹ fẹ́ dì sínú báàgì, ẹ fi sílẹ̀ nílé: àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù Ṣáínà kì í gba ẹran wọlé.

Ṣé òótọ́ ni pé yàrá 9,999 àti ààbọ̀ ló wà níbẹ̀? Ṣé àwọn náà ní ìwẹ̀fà?
*Olùkọ́ ìtàn, Òmù-Àrán*

Ìtàn ẹnu ni ti 9,999. Wọ́n ní 10,000 ni ti ọ̀run, ọba ò sì gbọ́dọ̀ bá ọ̀run dọ́gba. Nígbà tí wọ́n kà á lọ́dún 1973, 8,707 ni wọ́n rí. Ẹ sì mọ̀ pé “yàrá” tí wọ́n ń kà yẹn, àyè tó wà láàárín òpó mẹ́rin ni, kì í ṣe iyàrá onílẹ̀kùn.

Ìwẹ̀fà wà, wọ́n pọ̀, wọ́n sì lágbára, bí Ọ̀nà-Ẹfà tó ń dájọ́ fún Aláàfin ṣe lágbára l'Ọ́yọ̀ọ́. Zheng He tí ọba Yongle, ẹni tó kọ́ ààfin yìí, fi ṣe olórí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ìwẹ̀fà ni. Ilé Mùsùlùmí ní Yunnan ni wọ́n bí i sí, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ sì dé etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ọdún 1923 ni Puyi, ọba tó kẹ́yìn, lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwẹ̀fà tó kù jáde. Ọdún 1924 ni wọ́n lé òun náà, ní ọdún tó tẹ̀ lé e ààfin di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń pe àlejò wá mu tíì nítòsí ibẹ̀. Ọmọlúàbí ni wọ́n?
*Oníbéèrè kan, Àjàṣẹ́-Ìpo*

Ẹ má tẹ̀ lé wọn. Gẹ̀ẹ́sì wọn á dán, wọ́n á ní akẹ́kọ̀ọ́ làwọn, pé àwọn fẹ́ kọ́ èdè tàbí fi àwòrán hàn yín. Tíì ife díẹ̀ lè di ọgọ́rọ̀ọ̀rún yúàn lórí ìwé owó. Bákan náà ni àwọn onírìkíṣọ́ tó ń dúró de àwọn tó ń jáde ní Shenwumen: ẹ lè gbọ́ iye kan lẹ́nu wọn, kí wọ́n pe ìlọ́po mẹ́wàá tí ẹ bá dé ibi tí ẹ ń lọ. Bí ẹ bá máa gùn ún rárá, ẹ jẹ́ kó kọ iye náà sórí bébà kí ẹ tó jókòó.