Ọwọ́ tí kò níṣẹ́ ló ń ba fọ́tò jẹ́

Àbúrò mi tó béèrè ohun tí òun lè ṣe kí fọ́tò tí òun àti àfẹ́sọ́nà òun fẹ́ lọ yà ní Olúmọ má baà dà bíi ti káàdì ìdìbò, ọ̀rọ̀ rẹ yé mi. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọjà sórí Facebook, mi ò lówó tí n ó fi háyà ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, ni mo bá ń wọ̀ ọ́ fúnra mi, ọmọ mi á yà mí. Fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo gbé síta, oníbàárà kan ò tiẹ̀ béèrè iye aṣọ. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ara yín yá báyìí?"

Mo fẹ́ pa á rẹ́. Ìgbà tí mo wò ó fín ni mo rí i pé ojú kọ́ ló ń ṣe mí, ọwọ́ ni. Méjèèjì gan pa bíi ti ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó dúró ṣinṣin.

Ni mo bá wá iṣẹ́ fún un, iṣẹ́ gidi o, kì í ṣe eré. Mo tú ìró, mo tún un ró, mo ń ki etí rẹ̀ bọ ìbàdí. Èjìká mi sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé mo rò ó. Ọmọ ní "Mọ́mì!", mo gbójú sókè, ibẹ̀ ló ti tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò yẹn ló ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ mẹ́fà. Ìwọ náà, tún gèlè ṣe, bá ọkọ rẹ to fìlà, di ìborùn mú.

Má fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ bákan náà. Gbé ara lé ọ̀kan, kí orúnkún kejì rọ̀. Má lẹ apá mọ́ ẹ̀gbẹ́, apá náà máa ń fẹ̀ sí i nínú fọ́tò. Àwọn ayàwòrán fẹ́ràn "ẹ gbé àgbọ̀n sókè". Èmi ò gbà, ihò imú ló ń yọ. Na orí síwájú díẹ̀ bí ìjàpá tó ń yọrí, kí o wá rẹ àgbọ̀n sílẹ̀. Ojú á tì ọ́ bí o ṣe ń ṣe é, àmọ́ ọrùn á yọ dáadáa nínú fọ́tò.

Ní ti ẹ̀rín, ẹnìkan ní kí n máa pe "owó". Ẹnu mi ká róbótó bíi ti ẹni tó ń fẹ́ iná! Dijú, mí síta, kí o tó lajú. Tàbí kí ọkọ rẹ máa fi oríkì rẹ pè ọ́ létí. Mi ò tíì rí obìnrin Ẹ̀gbá tí ìyẹn ò mú rẹ́rìn-ín.

(Ìyá ìyá mi ò rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ó sì rẹwà. Àmọ́ ìjókòó àgbà nìyẹn.)

Tí imú rẹ bá ń tóbi, fóònù ló sún mọ́ ọ jù. Ohun tó bá wà níwájú kámẹ́rà pẹ́kípẹ́kí ló ń gbà gbogbo àyè. Kí ẹni tó ń yà ọ́ sún sẹ́yìn tó ìgbésẹ̀ mẹ́rin, kó wá fi súùmù fà ọ́ mọ́ra. Tí ojú rẹ bá sì ṣàjèjì sí ọ, rántí pé dígí ń yí ọ padà: ọ̀tún di òsì. Bó o ṣe rí nínú fọ́tò yẹn làwa ń rí ọ lójoojúmọ́.

Ẹ má lọ ní ọ̀sán gangan. Oòrùn orí àpáta yẹn á mú kí ojú dì, òjìji dúdú á sì kó sábẹ́ ojú. Ẹ lọ láàárọ̀, tàbí ìrọ̀lẹ́, ẹ kàn béèrè ìgbà tí wọ́n ń tìlẹ̀kùn. Sálúbàtà ni kó o wọ̀ gòkè o, kí bàtà gogoro wà nínú báàgì. Èmi wọ tèmi láti ìsàlẹ̀, ìrora ló sì wà lójú mi nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà.