Ẹ ka ọjọ́ tí àbúrò yín fi ṣèṣe

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ẹrù tí kiréènì gbé ló fì tó há ẹsẹ̀ àbúrò yín mọ́ òpó, pé ilé-iṣẹ́ ní kásúà ni, òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, òun ló sì fà á fún ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra, torí ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn ní Ọ̀tà, ní 2014.

Kiréènì wa kò bàjẹ́, okùn rẹ̀ kò sì já. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ìdì irin náà wà, níbi tí ìkọ́ kò ti lè dé orí rẹ̀. Fóòmánì ní ká ṣáà so ó, ká fi kiréènì wọ́ ọ jáde. Mo di igun kan mú kó má baà yí. Ẹrù tí wọ́n bá fà lẹ́gbẹ̀ẹ́, bó bá ti kúrò nílẹ̀ báyìí, abẹ́ ìkọ́ ló máa sáré lọ, kò sì sí ọwọ́ ènìyàn tó lè dá a dúró. Èmi ni mo wà láàárín òun àti òpó. Nígbà tí wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ mi nílé ìwòsàn, ìka méjì kò bá ọwọ́ jáde. Okùn gígùn kan, tí èèyàn á fi dúró lókèèrè darí ẹrù, ni wọn kò rà fún wa.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé ìwé àti ₦60,000 wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo buwọ́ lù ú. Ìgbà tí màá fi gbọ́ orúkọ NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, ó ti lé lọ́dún kan.

Ẹ má jẹ́ kí àbúrò yín buwọ́ lu ohunkóhun. Employees' Compensation Act ti 2010, òfin owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá ṣèṣe, ka kásúà mọ́ òṣìṣẹ́, kò sì ní kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn pé ilé-iṣẹ́ jẹ̀bi. Ọjọ́ 14 ló fún un láti fi tó ọ̀gá létí: orúkọ rẹ̀, ibi àti àkókò tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á, irú ìpalára tó ní. Ẹ̀yin náà lè bá a kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá náà buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín. Ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti sọ fún NSITF. Ẹ tún gba orúkọ àwọn tó rí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù.

Ẹ kò sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Bó bá ku ọjọ́ kan péré nínú 14 náà, ẹ kọ ọ́ lálẹ́ yìí.