Ṣé Cabernet Sauvignon Tó Ń Fún Ẹnu Pọ̀ Ti Bàjẹ́ Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wáìnì pupa Cabernet Sauvignon tí mo rà ń fún ahọ́n pọ̀ bí ẹni jẹ obì. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Níbo sì ni èso àjàrà yìí ti wá?

ÌDÁHÙN: Kò bàjẹ́. Tánínì, ìyẹn èròjà tó ń fún ẹnu pọ̀ nínú èèpo àti kóró èso náà, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èso Cabernet Sauvignon kéré, èèpo rẹ̀ sì nípọn, nítorí náà tánínì rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ ju ti Merlot, irú àjàrà pupa mìíràn, lọ. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbó. Bí wọ́n bá kánjú ká a, òórùn tàtàsé tútù ni wáìnì náà máa ń ní.

Agbègbè Bordeaux nílẹ̀ Faransé ló ti ṣẹ̀. Ní 1997, John Bowers àti Carole Meredith ti Yunifásítì Kalifóníà ní Davis fi àyẹ̀wò DNA hàn pé irú àjàrà méjì, Cabernet Franc àti Sauvignon Blanc, ló bí i. Ohun ìyanu gbáà ni, torí èso funfun ni Sauvignon Blanc!

Ẹ gbé ìgò náà sínú fíríìjì fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, kó tutù dé 16 sí 18°C. Ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i fún wákàtí 1. Ẹran màlúù ọlọ́ràá bá a mu gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má fi ata pọ̀ jù, ọtí náà á mú kó ta yín sí i. Àfi tó bá ń rùn bíi fínígà tàbí páálí tó rin ni kí ẹ dà á nù.