Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Mọ́tò Ti Gba Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Mọ́ Àwọn Ọmọ Wa Lọ́wọ́

ÌBÉÈRÈ: Olótùú wa, ẹ kú iṣẹ́. Aránṣọ ni mí, apá Wàńdò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níhìn-ín ni mo ń gbé. Kẹ̀kẹ́ ni ọmọkùnrin mi ń gùn lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní àràárọ̀. Wọ́n ya ẹ̀gbẹ́ títì tí ó ń gbà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù, ṣùgbọ́n kò sí òwúrọ̀ kan tí kì í bá kàmíọ́ọ̀nù tí ń já ẹrù, takisí tí ń dúró de èrò, tàbí mọ́tò ẹni tí ó yà láti ra nǹkan, lójú ibẹ̀ gan-an. Ńṣe ni yóò wá yà sí àárín títì níbi tí mọ́tò ti ń sáré. Mo bá awakọ̀ kan sọ ọ́, ó ní ṣé kí òun gbé mọ́tò rù ni. Kí ni kí ọmọ mi máa ṣe? Ta ni a lè fẹjọ́ sùn? Àbí kí n kúkú gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀? (Ìyá ọmọ kan, Àjàṣẹ́)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú àmójútó ọmọ. Ẹ̀rù tí ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ rò pé ìnira kékeré ni mọ́tò tí ó dúró lójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ń fà, pé ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ yóò kàn yí i ká, yóò sì máa lọ. Ìgbà tí ó bá ń yí i ká yẹn gan-an ni ewu wà. Kẹ̀kẹ́ tí ń sáré kìlómítà 15 ní wákàtí kan ń lọ ní nǹkan bíi mítà 4 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí mọ́tò tí ń sáré kìlómítà 50 ń lọ ní nǹkan bíi mítà 14 láàrin àkókò kan náà. Awakọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò retí ọmọ yín níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ìjánu. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, mọ́tò rẹ̀ ti rìn jìnnà.

Ewu kejì wà tí àwọn òbí kì í sábà rò. Ọwọ́ ọ̀tún ni a ń tọ̀ ní ilẹ̀ wa, apá òsì mọ́tò sì ni awakọ̀ ń jókòó sí. Bí mọ́tò bá dúró sí etí títì lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ ni ọmọ yín yóò gbà kọjá. Ilẹ̀kùn tí a bá ṣí tán lè gba bíi mítà kan lójú ọ̀nà, ẹni tí ó bá sì kọlù ú lè ṣubú sí iwájú mọ́tò mìíràn. Nítorí náà, ẹ kọ́ ọmọ náà láti máa wo gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: ṣé orí ènìyàn wà níbi ìjókòó awakọ̀? Ṣé iná pupa ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni? Ṣé táyà iwájú ti yí síta bíi ti ẹni tí ó fẹ́ gbéra? Èyíkéyìí nínú wọn tí ó bá rí, kí ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn lè ṣí tàbí kí mọ́tò náà já sí iwájú òun nígbàkigbà.

Bí ó bá wá fẹ́ kọjá, kí ó ti dẹ ìsáré rẹ̀ láti òkèèrè, kí ó bojú wẹ̀yìn lápá òsì, kí ó na ọwọ́ òsì, kí ó sì jìnnà sí mọ́tò náà tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò fi ní kàn án. Kí ó má ṣe já wọ àárín títì lójijì, nítorí àwọn oní zémidjan (alùpùpù akérò) tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà ń yà lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn mìíràn pẹ̀lú èrò àti ẹrù lẹ́yìn. Bí mọ́tò bá ń tẹ̀lé ara wọn láìsí àlàfo, kí ó dúró, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ní ti kàmíọ́ọ̀nù, kí ó má dúró sí iwájú rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, nítorí awakọ̀ tí ó jókòó sókè kì í rí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ nítòsí.

Ní ti ìbéèrè yín nípa ẹni tí ẹ lè fẹjọ́ sùn: Bí ẹ bá bá awakọ̀ kan jà, tí ó sì lọ, òmíràn yóò dé sí àyè rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìwé, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ olórí àdúgbò, lẹ́yìn náà sí arrondissement yín (ẹ̀ka ìṣàkóso ìlú; márùn-ún ni wọ́n ní Àjàṣẹ́), kí ó sì dé ọ̀dọ̀ mẹ́ẹ̀rì. Kí ìwé náà sọ ibi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, wákàtí tí ó máa ń burú jù, àti irú mọ́tò tí ń dúró níbẹ̀. Kí ẹ sì béèrè òkúta tí ó ga sókè láàrin ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ojú títì, nítorí ọ̀dà funfun tí a fi fa ìlà kò dí mọ́tò kankan lọ́wọ́. Ní ọdún 1971, ó lé ní 400 ọmọdé tí jàǹbá ọkọ̀ pa ní Netherlands. Àwọn òbí ibẹ̀ jáde sí ìgboro láàrin àwọn ọdún 1970 láti fi ẹ̀hónú hàn, ohùn wọn sì wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀ gidi.

Ẹ má gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ọmọ. Èrò tèmi nìyẹn, mo sì dúró lé e lórí. Bí ẹ bá gbà á, ẹ̀yìn zémidjan ni yóò wà lójú títì kan náà, owó yóò sì máa jáde lápò yín lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà àdúgbò kan bá wà tí mọ́tò kò pọ̀ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jìnnà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa gba ibẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olótùú, kàmíọ́ọ̀nù kékeré ni mo ń wà, ìrẹsì àti símẹ́ńtì ni mo ń já. Ṣọ́ọ̀bù àwọn oníbàárà mi dojú kọ ọ̀nà kẹ̀kẹ́, kò sì sí àyè mìíràn. Àwọn ènìyàn ń bú mi. Níbo ni kí n dúró sí? (Awakọ̀ kan, Àjàṣẹ́)

ÌDÁHÙN: Arákùnrin wa, ìbéèrè yín tọ́, ó sì yẹ kí àwọn tí ń ṣe ọ̀nà gbọ́ ọ, nítorí ìlú tí ó ní ọjà kò lè ṣe kí ẹrù má sọ̀. Ẹni tí ó la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù láì ṣe ibi tí a ó ti máa já ẹrù ni ó dá ìjà yìí sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ bá àwọn oníbàárà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ lè máa já ẹrù kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde nílé, tàbí kí ẹ dúró sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kí àwọn alábàárù sì fi ọmọlanke gbé e dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ tí kò bá ṣeé ṣe rárá, ẹ tan iná ìkìlọ̀, kí ọmọ ọkọ̀ yín dúró ní ẹ̀yìn jìnnà díẹ̀ láti máa ju ọwọ́ sí àwọn tí ń bọ̀.

Ẹ má sì gbàgbé ilẹ̀kùn. Àdéhùn àgbáyé lórí ìrìnnà ojú títì, tí wọ́n ṣe ní Vienna ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1968, kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ láì kọ́kọ́ rí i dájú pé kò ní fi ẹlòmíràn sínú ewu. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ máa fi ṣí i, kì í ṣe ọwọ́ òsì tí ó sún mọ́ ọn. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ti ń ré kọjá àyà yín lọ sí ibi ilẹ̀kùn, gbogbo ara yín yóò yí, ojú yín yóò sì bọ́ sí dígí ẹ̀gbẹ́ àti sí ẹ̀yìn, níbi tí ọmọ tí ó gun kẹ̀kẹ́ ti ń bọ̀.