Ìbéèrè Yín: Ìkówójọ fún ilé àwọn ọmọ tí a gbé sọnù

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú ọ̀wọ́n, ọlọ́jà ni wá ní Sábó, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, obìnrin 36 ni a sì jẹ́ nínú ẹgbẹ́ wa. A fẹ́ ran ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ jòjòló tí a gbé sọnù lọ́wọ́. Àwọn kan ní kí a ṣe ìkówójọ ńlá ní oṣù Kejìlá, kí a kó ìrẹsì àti mílíìkì lọ, kí a sì bá àwọn ọmọ náà ya fọ́tò. Àwọn mìíràn ní owó ni kí a fún wọn. Èwo ni kí a ṣe? Akọ̀wé ẹgbẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ àánú, ìyá wa. Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé ṣáájú òmìnira ni ilé ìtọ́jú ọmọ tí ó ń jẹ́ orúkọ Ruth Kersey, nọ́ọ̀sì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ti wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ọmọ jòjòló ń jẹ. Ọmọ tí kò rí ọmú mu, mílíìkì ọmọdé nìkan ni oúnjẹ rẹ̀ títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, agolo 400 gíráàmù kì í sì í tó ọmọ oṣù mẹ́ta ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ilé tí ó bá ní 10 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò tú nǹkan bí agolo mẹ́ta lójúmọ́. Mílíìkì tí àgbà ń pò mọ́ tíì kò lè rọ́pò rẹ̀, oyin kò sì yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan rárá. Ẹ tún wo àwọn obìnrin tí ó ń jí lóru ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta láti fún ọmọ tuntun lóúnjẹ, àti gáàsì tí wọ́n fi ń se omi àti igò. Owó oṣù àti gáàsì wọ̀nyí ni ẹnikẹ́ni kì í rántí gbé wá.

Nítorí náà, owó ni mo fara mọ́, kí ó sì máa wọlé déédéé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń dá àjọ tipẹ́, bí kálukú yín bá mú 500 náírà wá lọ́sẹ̀, 18,000 náírà ni yóò jẹ́ lọ́sẹ̀ kan. Ẹ lè fi ayẹyẹ oṣù Kejìlá ṣí i, ṣùgbọ́n oṣù Kẹta àti oṣù Keje, nígbà tí àlejò kì í yà síbẹ̀, ni ebi lè pa ọmọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi olórí ilé náà pé kí ni ó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ béèrè ìwé tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi gbà wọ́n láyè, kí ẹ sì rí i pé orúkọ ilé náà ni ó wà lára àkáǹtì báǹkì, kì í ṣe orúkọ ènìyàn kan. Kí akápò máa ka rìsíìtì sí etígbọ̀ọ́ gbogbo yín.

Ní ti fọ́tò, mo bẹ̀ yín, ẹ má yà á. Ọmọ yìí yóò dàgbà, bóyá ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni òun àti ọmọ yín yóò máa lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àwòrán hàn án pé wọ́n gbé e sọnù rí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi ṣe òfin tirẹ̀ ní 2006, fún un ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí rẹ̀. Ẹ ya àpò tí ẹ kó lọ, ó tó.

Bí ọ̀kan nínú yín bá fẹ́ gba ọmọ níbẹ̀ ṣe tirẹ̀, ọwọ́ ìjọba àti ilé ẹjọ́ ni kí ó gbà, kí ó má sì fún ẹnikẹ́ni lówó lábẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹni mẹ́ta péré lọ, kí wọ́n fọwọ́ wọn mọ́ kí wọ́n tó gbé ọmọ, kí ẹni tí ó bá ń wúkọ́ sì dúró sílé.